Ìdákọ̀ró: Ìtàn Ilé Ìpọntí Kékeré Kan ní Ìlú San Francisco

Nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà bá gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, tí wọ́n sì lọ sí ìlú tí kì í ṣe tiwọn láti fún ojú lóúnjẹ, kì í ṣe àwọn ilé ìsìn àtijọ́ àti ilé tí a ń kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jọ sí nìkan ni wọ́n ń bẹ̀ wò. Ó ti di àṣà láàrin wọn láti máa béèrè ibi tí ilé ìpọntí ìlú náà gbé wà. Kì í ṣe ilé ìpọntí ràgàjì tí ẹ̀rọ ń ṣe gbogbo iṣẹ́ inú rẹ̀ ni wọ́n ń wá, bí kò ṣe èyí tí ó kéré, tí ènìyàn lè dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ kí ó sì gbọ́ òórùn ọkà tí ń hó lórí iná, tí ọwọ́ oníṣẹ́ sì hàn nínú ohun tí ń ti ibẹ̀ jáde. Ìtàn ọ̀kan nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé òun ni ìyá àwọn yòókù ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Orúkọ rẹ̀ ni Anchor, èyí tí í ṣe ìdákọ̀ró ní èdè wa; ṣùgbọ́n ẹ ó rí i pé ọkọ̀ tí a so mọ́ ìdákọ̀ró yìí kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ìdákẹ́rọ́rọ́ rí.

Bí olùkọ́ kan bá wí pé, kí ni ti ọtí nínú ìwé tí ọmọ ilé-ìwé yóò kà, èsì mi ni pé ìtàn iṣẹ́ ọwọ́ ni mo ń sọ, kì í ṣe ìtàn ìmutípara. Iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ ni ìtàn, iṣẹ́ aláró ni ìtàn, bẹ́ẹ̀ náà sì ni iṣẹ́ apọntí.

Ní oṣù January ọdún 1848 ni a rí wúrà nínú odò kan ní California. Kí ọdún méjì tó pé, ìlú San Francisco, tí kì í ṣe ju abúlé etí òkun lọ tẹ́lẹ̀, ti kún fún ènìyàn láti gbogbo igun ayé. Àwọn ará Jámánì wà láàrin wọn, àwọn wọ̀nyí sì mú iṣẹ́ baba wọn lọ́wọ́, èyí tí í ṣe pípọn irú bíà kan tí wọ́n ń pè ní lager. Níhìn-ín ni ìṣòro gbé bẹ̀rẹ̀. Ọtí lager kò fẹ́ ooru. Ní Jámánì, inú ihò ilẹ̀ ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí, wọn a sì kó omi dídì láti inú adágún ní ìgbà òtútù láti fi tì í yí ká fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ṣùgbọ́n ní San Francisco, omi inú adágún kì í dì, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ tí ń sọ omi di yìnyín kò sì tíì dé ibẹ̀.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé ẹni tí kò rí ìpọntí rí, ẹ jẹ́ kí n mú un wá sí ẹ̀yìnkùlé wa. Àwọn ìyá wa tí ń ṣe ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ mọ ọ̀nà náà dáadáa. Wọn a rẹ àgbàdo sínú omi, wọn a dà á sórí ewé, wọn a sì fi ewé bò ó títí yóò fi hù; lẹ́yìn èyí wọn a sá a sí oòrùn kí ó gbẹ, wọn a lọ̀ ọ́, wọn a sè é, wọn a sẹ́ ẹ, wọn a sì fi omi rẹ̀ sílẹ̀ títí yóò fi kan. Bí a ti ń ṣe bíà náà nìyẹn, àfi pé ọkà bálì ni wọ́n ń lò dípò àgbàdo. Nígbà tí ọkà bá ń hù, ohun kan nínú rẹ̀ a máa sọ ìyẹ̀fun rẹ̀ di adùn. Ìwúkàrà a jẹ adùn náà, a sì fi ọtí àti afẹ́fẹ́ tí ń hó sílẹ̀ dípò rẹ̀. Àwọn òyìnbó a tún sọ òdòdó kan tí wọ́n ń pè ní hops sí i nígbà tí ó bá wà lórí iná. Ewéko rẹ̀ a máa gun ọ̀pá bí iṣu ti ń gun ọ̀pá. Kíkorò ni òdòdó náà, kíkorò rẹ̀ ni kì í sì í jẹ́ kí ọtí tètè bàjẹ́.

Irú ìwúkàrà méjì ni ó wà nínú iṣẹ́ yìí. Ọ̀kan fẹ́ràn ooru, a sì máa léfòó sórí ọtí. Èkejì fẹ́ràn òtútù, a sì máa rì sí ìsàlẹ̀, òun sì ni ti lager. Èyí tí ó fẹ́ òtútù ni àwọn ará Jámánì mú wá sí ibi tí kò sí yìnyín. Nígbà tí wọn kò rí òtútù rà, wọ́n ronú ọgbọ́n mìíràn. Wọ́n kan ọpọ́n fífẹ̀ tí kò jìn, tí ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀, wọ́n sì da omi ọkà gbígbóná sí i kí ó tẹ́ pẹrẹsẹ, kí afẹ́fẹ́ tútù tí ń ti Òkun Pàsífíìkì fẹ́ wọ ìlú lè mú kí ó tutù kíákíá. Ìyá tí ó bá fẹ́ kí ẹ̀kọ gbígbóná tètè tutù fún ọmọ kò ní fi í sínú ìkòkò jíjìn; inú àwo pẹrẹsẹ ni yóò dà á sí. Ìwúkàrà náà ṣiṣẹ́ nínú ooru tí kì í ṣe tirẹ̀, ohun tí ó sì mú jáde kì í ṣe lager gan-an, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe irú kejì. Wọ́n pè é ní steam, èyí tí í ṣe oru omi. Àwọn kan wí pé nítorí bí ó ti ń ru tí ó sì ń fọ́n yẹ́ẹ́ nígbà tí a bá ṣí ẹnu àgbá rẹ̀ ni; àwọn mìíràn wí pé nítorí oru tí ń gòkè láti inú ọpọ́n wọ̀nyí ni. Ọtí tálákà ni, ọtí àwọn awakùsà àti àwọn tí ń ru ẹrù ní èbúté, ó sì pọ̀ káàkiri California ní ìgbà náà.

Ní ọdún 1871 ni ará Jámánì kan tí ń jẹ́ Gottlieb Brekle ra ilé ọtí àtijọ́ kan ní San Francisco, ó sì sọ ọ́ di ilé ìpọntí. Ní ọdún 1896 ni Ernst Baruth àti ọkọ ọmọ rẹ̀, Otto Schinkel, rà á, àwọn ni wọ́n sì sọ ọ́ ní Anchor. Bóyá nítorí ọkọ̀ ojú omi tí ó kún èbúté ni wọ́n ṣe yan orúkọ náà. Ó kúkú bá ìlú náà mu. Ọdún mẹ́wàá ni wọ́n fi jókòó jẹ́ẹ́. Ní oṣù February ọdún 1906 Baruth kú lójijì. Ní ọjọ́ 18 oṣù April ọdún kan náà, ní kùtùkùtù, kí ọ̀pọ̀ ènìyàn tó jí, ìsẹ̀lẹ̀ ńlá mi San Francisco. Iná tí ó tẹ̀lé e jó fún ọjọ́ mẹ́ta àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn tí ó kú sì ju 3,000 lọ. Iná náà jó Anchor di eérú. Schinkel kò sọ ìrètí nù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí i mú ilé tuntun dìde ní apá ibòmíràn nínú ìlú. Kí ọdún 1907 tó rìn jìnnà, ọkọ̀ ojú irin ìgboro gbá a, ó sì kú. Àwọn apọntí tí ń bá wọn ṣiṣẹ́ ni wọ́n gbé àgbá ró.

Àjálù kẹta kì í ṣe ti ilẹ̀ tàbí ti iná. Ti ìwé òfin ni. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn obìnrin Amẹ́ríkà ti ń sọkún nítorí ọkọ wọn tí ń gba owó iṣẹ́ ní ọ̀sán, tí wọ́n sì ń ná an tán ní ilé ọtí kí ilẹ̀ tó ṣú. Ní ọdún 1874 wọ́n dá ẹgbẹ́ ńlá kan sílẹ̀, èyí tí í ṣe Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Kristẹni fún Ìkóra-ẹni-níjàánu. Ọ̀pọ̀ ìjọ sì dúró tì wọ́n. Ẹni tí ó bá fi àwọn obìnrin yìí ṣe yẹ̀yẹ́ kò mọ ohun tí ojú wọn rí. Ní oṣù January ọdún 1920 òfin tí wọ́n ń fẹ́ di ohun tí a ń tẹ̀lé ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣe ọtí tí ń pani fún títà, kò gbọdọ̀ tà á, kò sì gbọdọ̀ kó o láti ibìkan dé ibòmíràn. Ọdún mẹ́tàlá ni òfin náà fi dúró. Ó dín ọtí mímu kù lóòótọ́, pàápàá ní ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó fi òwò ọtí lé àwọn ọ̀daràn lọ́wọ́, ó sì mú kí àwọn ọlọ́pàá àti adájọ́ púpọ̀ kọ́ bí a ti ń gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Ohun tí àwọn ènìyàn kì í sáàbà rántí ni pé ó pa àwọn oníṣẹ́ kéékèèké run ju àwọn ńlá lọ. Ilé ìpọntí ńlá lè yí padà kí ó máa ṣe ohun mímu tí kò ní agbára, tàbí yìnyín, tàbí ìwúkàrà fún àwọn aláàkàrà. Ṣùgbọ́n kí ni ẹni tí ó ní ìkòkò kan àti ọpọ́n mẹ́ta yóò ṣe? Anchor ti ìlẹ̀kùn rẹ̀.

Nígbà tí a fagi lé òfin náà ní ọdún 1933, ọ̀kan nínú àwọn àgbà apọntí Anchor, Joe Kraus, ṣí i padà. Kí ọdún kan tó pé, iná tún jó o. Ó tún bẹ̀rẹ̀, òun àti alábàáṣiṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Joe Allen. Mo ti ka ìtàn òwò púpọ̀, ṣùgbọ́n n kò tíì rí èyí tí iná fẹ́ràn tó bẹ́ẹ̀.

Ayé tí wọ́n padà sí kì í ṣe èyí tí wọ́n fi sílẹ̀. Ní ọdún 1873 ilé ìpọntí tí ó wà ní Amẹ́ríkà lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin, ìlú kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tirẹ̀. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ẹ̀rọ amú-nǹkan-tutù ti wà ní gbogbo ilé, ọkọ̀ ẹrù ń sáré lórí títì gbàǹgbà, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá díẹ̀ sì ń ṣe bíà kan náà, tí ó funfun, tí ó fúyẹ́, tí ó tutù nini, tí ará ìlà oòrùn àti ará ìwọ̀ oòrùn jọ ń mu. Àkókò yìí kan náà ni irú bíà bẹ́ẹ̀ dé ilẹ̀ wa; ọdún 1949 ni ìgò àkọ́kọ́ jáde láti ilé ìpọntí Ìgànmú ní Èkó. Ta ni yóò wá mu ọtí dúdúdúdú àwọn awakùsà? Ní oṣù July ọdún 1959 Joe Allen ti Anchor pa. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Lawrence Steese tún un ṣí ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n bí ẹni tí ń fi ọwọ́ bomi ni. Ohun èlò ti gbó, àyíká kò mọ́, ọtí a sì máa kan kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó rà á. Àwọn ilé ọtí bẹ̀rẹ̀ sí i kọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ní ọdún 1965 ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Fritz Maytag, ẹni ọdún 27, ń jẹun ní ilé oúnjẹ kan ní San Francisco, níbi tí ó ti máa ń mu ọtí Anchor. Onílé oúnjẹ náà wí fún un pé bí kò bá tíì rí ilé tí wọ́n ti ń pọn ọtí yìí, kí ó tètè lọ wò ó, nítorí wọn ó tì í láìpẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Maytag lọ. Ọmọ ọlọ́rọ̀ ni; baba ńlá rẹ̀ ni ó dá ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe ẹ̀rọ ìfọṣọ Maytag sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Iowa, baba rẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wàràkàṣì ní ọdún 1941. Bí ẹlòmíràn bá rí ilé náà ní ọjọ́ yẹn, yóò ṣàánú, yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Òun ra ìpín 51 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún dọ́là díẹ̀. Nígbà tí ó di ọdún 1969, gbogbo rẹ̀ ti di tirẹ̀.

Apá yìí nínú ìtàn náà ni mo fẹ́ kí àwọn ọmọ ilé-ìwé fara balẹ̀ kà. Ọ̀gbẹ́ni Maytag kò mọ ìpọntí rárá. Ohun tí ó kọ́kọ́ ṣe kì í ṣe pé kí ó kéde ọjà rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò yí orúkọ rẹ̀ padà. Ó wá ìdí tí ọtí náà fi ń kan. Ó ra awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá, ó sì jókòó ti ìwé. Ọ̀mọ̀wé Louis Pasteur ti ilẹ̀ Faransé ti fi hàn nínú ìwé kan tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1876 pé àrùn tí ń ṣe bíà kì í ṣàdéédé wá. Àwọn ohun alààyè tí ojú lásán kò lè rí ni wọ́n ń wọ inú rẹ̀ láti ara ohun èlò tí kò mọ́ àti láti inú afẹ́fẹ́. Ní ọdún 1883 ọ̀mọ̀wé Emil Hansen, ní ibi ìwádìí Carlsberg ní Copenhagen, rí ọ̀nà tí a fi lè mú ẹyọ ìwúkàrà kan ṣoṣo kí a sì tọ́ ọ dàgbà láìsí àlejò láàrin rẹ̀. Ohun tí ayé ti mọ̀ fún ọgọ́rin ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ilé ìpọntí San Francisco yìí kò fi ṣe ìwà hù. Ọ̀gbẹ́ni Maytag fi ṣe é. Ó fọ gbogbo ohun tí ó ṣe é fọ̀, ó jù èyí tí kò ṣe é fọ̀ dànù, ó sì pinnu pé ọkà bálì híhù nìkan ni yóò máa lò, láìfi ṣúgà lú u. Ọpọ́n pẹrẹsẹ ti ìgbà àtijọ́ nìkan ni kò yí padà. Nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà méjì ni jíjìn rẹ̀. Inú rẹ̀ ni ọtí náà ń wà fún ọjọ́ bíi mẹ́ta, nínú yàrá tí a ń sẹ́ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kí ó mọ́. Nípa báyìí ó di pé ilé kan ṣoṣo ni ó kù ní ayé tí ó gba ọgbọ́n àwọn tí kò rí yìnyín rà, nígbà tí ẹnikẹ́ni ti lè ra yìnyín.

Ọdún bíi mẹ́wàá ni ó fi ná owó kí ó tó rí èrè. Ní ọdún 1971 ni ó tó bẹ̀rẹ̀ sí i rọ ọtí sínú ìgò. Ní ọjọ́ 18 oṣù April ọdún 1975, tí ó pé igba ọdún tí Paul Revere gun ẹṣin lóru láti kìlọ̀ fún àwọn ará Amẹ́ríkà pé ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì ń bọ̀, ó pọn ọtí tuntun kan ní ìrántí rẹ̀, ó sì pè é ní Liberty. Ẹni tí ó bá ń fọkàn bá ìtàn yìí lọ yóò rí i pé ọjọ́ ìsẹ̀lẹ̀ ni. Irú òdòdó hops kan tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ mú jáde ní Oregon ní ọdún 1972, tí òórùn rẹ̀ dà bí ti èèpo ọsàn, ni ó kó sí i. Ó yà àwọn tí ó mu ún lẹ́nu. Lónìí òórùn yẹn ni a fi ń mọ bíà àwọn ilé ìpọntí kéékèèké Amẹ́ríkà.

Àlejò bẹ̀rẹ̀ sí i wá, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ni ó wá mu ọtí. Àwọn kan wá kọ́ṣẹ́ lójú. Ọ̀kan nínú wọn ni Jack McAuliffe, ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ nínú ẹgbẹ́ ọmọ-ogun ojú omi Amẹ́ríkà ní Scotland, tí ó sì ti tọ́ bíà ìlú kéékèèké wò níbẹ̀. Nígbà tí ó rí Anchor, ó mọ̀ pé kékeré lè dúró. Ní ọdún 1976 ó dá ilé ìpọntí New Albion sílẹ̀ ní Sonoma, ó fi àwọn agolo ńlá tí a ti fi ń tọ́jú wàrà ṣe ohun èlò, nítorí kò sí ẹni tí ń ṣe ohun èlò fún ẹni kékeré mọ́. New Albion kú ní ọdún 1982, ṣùgbọ́n ó bí ọmọ kí ó tó kú: ní ọdún 1980 Ken Grossman àti ẹnìkejì rẹ̀ ti ta ọtí Sierra Nevada àkọ́kọ́ ní ìlú Chico. Ní oṣù October ọdún 1978 Ààrẹ Jimmy Carter ti fọwọ́ sí òfin tí ó jẹ́ kí ènìyàn lè pọn bíà nínú ilé ara rẹ̀ fún mímu ara rẹ̀ láìsan owó orí, ohun tí ó ti jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin ìjọba àpapọ̀ láti ọdún 1920. Ilé ìdáná ọ̀pọ̀ ènìyàn sì di ilé ẹ̀kọ́ ìpọntí. Ní àkókò náà ilé ìpọntí tí ó kù ní gbogbo Amẹ́ríkà kò tó ọgọ́rùn-ún. Ní ọdún 2023 wọ́n ti lé ní 9,000.

Ní ọdún 1979 Anchor kó lọ sí òkè Potrero, ní òpópónà Mariposa, sínú ilé kan tí a kọ́ ní ọdún 1937 fún yíyan kọfí. Ilé yìí ni àwọn tí ó wá lo ìsinmi ní San Francisco mọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún wọn kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ àlejò. Kí ó ṣáà ti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ ṣáájú kí wọ́n lè kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Wọn a kọ́kọ́ mú un dé ibi tí àwọn ìkòkò bàbà ràgàjì tí a rà láti Jámánì wà, tí wọ́n ń dán bí agogo ìjọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi eérú nù. Yóò fi ọwọ́ bọ inú àpò òdòdó hops, yóò fi ọwọ́ rẹ̀ rà á, yóò sì gbóòórùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà yóò dúró níwájú fèrèsé gíláàsì, kì yóò sì kọjá ibẹ̀, nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọpọ́n pẹrẹsẹ wọ̀nyí wà, tí ìfóófòó funfun bo ojú wọn bí òwú tí a sá sí gbàgede. Ìkẹyìn ni wọn a tó mú un wọ yàrá tí àwòrán àtijọ́ kún ara ògiri rẹ̀, kí ó tọ́ díẹ̀díẹ̀ wò. Ohun tí ó wù mí nínú ètò yìí ni pé iṣẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi han ènìyàn kí wọ́n tó fi ọtí hàn án. Ẹni tí ó bá ti rí i pé òógùn ọjọ́ púpọ̀ ni ó wà nínú ife kan kò ní gbé e mì bí omi.

Ní ọdún 1989 wọ́n ṣe ohun kan níbẹ̀ tí ó yẹ kí gbogbo olùkọ́ ìtàn mọ̀. Ọ̀mọ̀wé Solomon Katz, ti Yunifásítì Pennsylvania, ti béèrè ìbéèrè kan: nígbà tí ènìyàn kọ́kọ́ fi ọdẹ ṣíṣe sílẹ̀ tí ó sì gbin ọkà, ṣé nítorí àkàrà ni, tàbí nítorí ọtí? Ní ilẹ̀ Súmérì, nítòsí Úrì tí Ábúráhámù ti jáde wá, àwọn akọ̀wé ti kọ orin ìyìn kan sí ara wàláà amọ̀ ní nǹkan bí 1800 ọdún kí a tó bí Kristi. Òrìṣà obìnrin kan tí wọ́n gbà pé ó ń pọn ọtí, Ninkasi, ni wọ́n ń kì nínú rẹ̀, bí àwọn kèfèrí ti í ṣe. Ṣùgbọ́n nínú oríkì náà ni ìlànà iṣẹ́ fara pamọ́ sí. Ọ̀mọ̀wé Miguel Civil ti túmọ̀ rẹ̀ ní ọdún 1964. Ọ̀gbẹ́ni Maytag àti ọ̀mọ̀wé Katz tẹ̀ lé e: wọ́n fi ọkà bálì àti oyin ṣe àkàrà, wọ́n yan án títí ó fi le gbagidi, wọ́n rẹ ẹ́ pẹ̀lú ọkà híhù, wọ́n fi èso déètì sí i, wọn kò sì fi hops sí i, nítorí àwọn ará Súmérì kò mọ̀ ọ́n. Nígbà tí àwọn apọntí pàdé ní ọdún náà, wọ́n gbé e kalẹ̀ nínú ìkòkò, wọ́n sì fi ọ̀pá gígùn oníhò fà á mu, bí àwòrán ayé àtijọ́ ti fi hàn. Bí ẹnikẹ́ni bá tún wí fún yín pé oríkì kò ní ìmọ̀ nínú, ẹ sọ ti Ninkasi fún un.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 àwọn ènìyàn ń bẹ Ọ̀gbẹ́ni Maytag pé kí ó ta ìpín ilé-iṣẹ́ náà fún gbogbo ayé kí ó lè di ńlá. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò, ó sì kọ̀. Ohun tí ènìyàn mẹ́wàá àti ogójì ń ṣe pọ̀, tí olúkúlùkù mọ orúkọ ẹnìkejì rẹ̀, kò dá a lójú pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí bí ó bá di ti ẹgbẹ̀rún ènìyàn. Àwọn kan pè é ní òpè. N kò rò pé òpè ni. Ṣùgbọ́n òtítọ́ ni pé ẹni tí ó bá yàn láti jẹ́ kékeré gbọ́dọ̀ wà láàyè lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ láti máa yàn án lójoojúmọ́, nítorí ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀ lè má yan bákan náà.

Ní ọdún 2010 ó tà á fún àwọn oníṣòwò méjì. Ní ọdún 2017 àwọn wọ̀nyí tà á fún Sapporo, ilé ìpọntí ńlá ti ilẹ̀ Japan tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1876. Ní ọdún 2019 àwọn òṣìṣẹ́ dìbò láti wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, nítorí owó oṣù wọn kò bá owó ilé ní San Francisco dọ́gba mọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021 wọ́n yí ìwé ara ìgò padà, èyí tí ayàwòrán kan ti ń fi ọwọ́ yà fún wọn láti ìgbà Ọ̀gbẹ́ni Maytag. Inú àwọn oníbàárà àtijọ́ kò dùn sí i. Àìsàn kòrónà ti ti àwọn ilé oúnjẹ ìlú náà pa, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀pọ̀ ọtí Anchor ń lọ. Ọjà ti ń fà sẹ́yìn kí àìsàn náà tó dé. Nínú ilé ìpọntí tí ó ju 9,000 lọ, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ni ó jẹ́ ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ Anchor, àwọn ọmọ náà sì ti gba oúnjẹ lọ́wọ́ ìyá wọn láìmọ̀.

Ní oṣù July ọdún 2023, lẹ́yìn ọdún 127 tí a ti sọ ọ́ ní Anchor, àwọn olówó rẹ̀ kéde pé wọn ó tì í, wọn ó sì ta ohun ìní rẹ̀. Àwọn ará ìlú tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ láti ra ìgò ìkẹyìn. Àwọn òṣìṣẹ́ gbìyànjú láti dá owó jọ kí wọ́n lè rà á fúnra wọn. Kò ṣeé ṣe. Fún bí ọdún kan àgbá gbẹ, ọpọ́n gbẹ, èéfín kò sì jáde ní òpópónà Mariposa mọ́.

Ní òpin oṣù May ọdún 2024 ni a gbọ́ pé ẹnì kan ti rà á. Hamdi Ulukaya ni orúkọ rẹ̀, ọmọ àwọn darandaran ní ìlà oòrùn ilẹ̀ Turkey, tí ó dé Amẹ́ríkà ní ọdún 1994. Kì í ṣe apọntí. Ní ọdún 2005 ó ti ra ilé-iṣẹ́ wàrà kíkan kan tí àwọn olówó rẹ̀ ti tì pa ní ìpínlẹ̀ New York, ó sì ti inú rẹ̀ di ọlọ́rọ̀. Ohun tí ó rà ní San Francisco ni ilé òpópónà Mariposa, orúkọ Anchor àti àmì ìdákọ̀ró rẹ̀, ìwé ìlànà ìpọntí, àti àwọn ohun èlò tí ó wà nínú ilé náà.